Ẹni Tó Ń Wọ Ilé Bàbá Fádèyí

Lọ́jọ́ tí Fádèyí kọ́kọ́ bá wọn jókòó nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kan ní Ṣáṣá, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló gbé àga rẹ̀ sí, kò sì ṣí fìlà lórí. Wọ́n pín bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá. Ó gbà á, ó fi sí àpò, kò jẹ ẹ́. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló ra bisikíìtì yìí, nítorí obìnrin tó pè wọ́n jọ ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò ní san kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, Fádèyí ò tíì rí ẹni tó ń ṣe ọ̀fẹ́ fún èèyàn tí kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn.

Olúfúnmi ni obìnrin náà ń jẹ́. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ rọ̀, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa bá àwọn tí nǹkan ń dà lọ́kàn rú sọ̀rọ̀. Òun ò ní fún ẹnikẹ́ni lóògùn, òun ò sì ní gbàdúrà lé ẹnikẹ́ni lórí. Ó ní ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn tí wọ́n wà nínú yàrá yẹn: ẹrù ti kún ilé wọn débi pé ilé náà ò ṣeé gbé dáadáa mọ́, wọn ò sì lè jù ú nù.

"Àìsàn ni," ó wí. "Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọ̀bùn, kì í sì í ṣe ahun. A ó máa pàdé lọ́jọ́ Alàmísì, a ó máa sọ̀rọ̀, a ó sì máa gbọ́ ti ara wa. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ẹrù yín, àfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá gbé e lé e lọ́wọ́."

Fádèyí gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ojú rẹ̀ sì le sí i. Ta ló bi í léèrè nípa ẹni tí yóò fọwọ́ kan ẹrù?

Kì í ṣe pé ara kàn ń fu ú lásán. Ajíbọ̀dé ni ilé rẹ̀ wà. Nígbà tó ra ilẹ̀ náà, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló yí i ká, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀bọ ni yóò máa bá ṣe aládùúgbò. Nísinsìnyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá yàrá kiri níbẹ̀ bí ẹni ń wá omi, ariwo ọ̀kadà kì í dá lójú ọ̀nà, àwọn onílé sì ń wó ilé àtijọ́ wọn láti fi kọ́ ilé alájà. Lọ́jọ́ kan tí Adéwọlé, ọkọ ọmọ rẹ̀, wá kí i, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí nítorí kò ríbi gbà wọlé. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, ilé yìí á mà dára fún họ́sítẹ́ẹ̀lì o." Fádèyí fi ẹ̀rín sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, kò sì jáde mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni Tiwaladé, ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, wá sọ pé òun gbọ́ nípa ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé ní Ṣáṣá, pé kí bàbá òun jọ̀ọ́ lọ wo ibẹ̀. Fádèyí gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ, ó ní àbájọ. Wọ́n fẹ́ kí àwọn oníṣègùn sọ pé orí òun ti dàrú ni. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ilé dọwọ́ wọn.

Ó gbà láti lọ, àmọ́ kì í ṣe pé ó gbà pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ó fẹ́ mọ gbogbo àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni.

Sítọ́ọ̀kípà ni Fádèyí títí tó fi fẹ̀yìn tì, ní iléeṣẹ́ ìwádìí nípa irè oko. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Iṣẹ́ náà ti kọ́ ọ láti máa wo ọwọ́ èèyàn kó tó wo ojú. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kúrò níbẹ̀, wọ́n fẹ́ dáná sun àwọn ẹrù àtijọ́ tó wà nínú sítọ́ọ̀: àga tó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, àpótí pákó, wáyà, agolo tí wọ́n fi ń kó irúgbìn. Àánú àwọn ẹrù náà ṣe é, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì kó o wálé. Owó ìfẹ̀yìntì ò tètè jáde lẹ́yìn ìyẹn, ẹrù wọ̀nyẹn ló sì gbà wọ́n. Ó tún fáànù ṣe nínú wọn, ó kan bẹ́ẹ̀dì nínú wọn, kò sì sí ohun tí ìyàwó rẹ̀ béèrè tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pèsè. Láti ìgbà náà ni kò ti rí ohun tí kò wúlò mọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé rẹ̀ kó jáde, Fádèyí kó ẹrù sí yàrá onítọ̀hún. Òmíràn kó jáde, ó tún kó ẹrù síbẹ̀. Nígbà tí yàrá tán, ẹrù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ pálọ̀, ó sì wọ ilé ìdáná. Morónikẹ́, ìyàwó rẹ̀, wá ń dáná lẹ́yìn ilé lábẹ́ páànù, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àwọn àpótí pákó tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ya lu Morónikẹ́. Apá rẹ̀ yẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì bó. Tiwaladé wá gbé e lọ sí ilé tirẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Obìnrin náà ò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ohun tó kàn sọ ni pé òun á padà nígbà tí òun bá rí ibi tí òun máa fi ẹsẹ̀ lé. Òjò ọdún yẹn lọ, ti ọdún kejì náà lọ, kò padà.

Bí Fádèyí ṣe ń lọ sí ìpàdé nìyẹn, tó ń ṣọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Olúfúnmi béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni lè ya fọ́tò yàrá kan wá fún òun. Fádèyí ní fóònù òun ò ní kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ní in. Olúfúnmi ní kí wọ́n mú ohun kan ṣoṣo wá láti ilé tí wọn ò lò mọ́, kí wọ́n kàn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n á sì mú un padà lọ. Àlàájà Mùjíbátù, obìnrin kan tó ti tajà rí ní ọjà Ṣáṣá níbẹ̀, mú bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan wá, ó ń yí i po lọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Fádèyí mú àgádágodo tó ti dípẹtà wá. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Àgádágodo ni," ó sì dá a padà sápò.

Ẹni tí Fádèyí ń ṣọ́ jù nínú wọn ni Jùbrílù. Mẹkáníìkì ni, ó ń gbé ní abúlé kan lápá Akínyẹlé, irin ọkọ̀ sì ti kún ilé rẹ̀ bò. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ pọ̀.

"Bàbá, apá ibo lẹ ń gbé ní Ajíbọ̀dé?" ó bi í lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jáde. "Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ilé ọ̀hún?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan, sà. Mo kàn ń béèrè ni."

Láti ọjọ́ náà ló ti wá ń kíyè sí i pé Jùbrílù kì í tètè dé sí ìpàdé. Àwọn tó kù á ti jókòó, wọ́n á ti máa sọ̀rọ̀, kó tó yọ lójú ilẹ̀kùn, tí òógùn á ti bò ó lójú, tí eruku á sì wà ní ìdí ṣòkòtò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ohun tó ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ó ti ìpàdé dé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kọjá, ó sì rí i pé àwọn agolo tí òun tò sórí sítóòfù ti yí ojú padà. Ó ti kọ ojú gbogbo wọn, níbi tí wọ́n kọ orúkọ irúgbìn sí, sí ògiri, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wà báyìí, òun ni wọ́n kọjú sí. Ó dúró gan-an. Ó wo fèrèsé. Fèrèsé tí kò ṣí láti ìgbà tí Morónikẹ́ ti lọ ti ní ipa ìka lára eruku rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọn ò já a. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà fún ilẹ̀kùn náà. Ọ̀kan wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní èkejì ti wọ inú ẹrù lọ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ẹni tó lè rí i mọ́.

Ó pe Tiwaladé lórí fóònù, kò sọ ohun tó rí fún un. Ó kàn ní, "Ọkọ ẹ ńkọ́? Ṣé ó lọ síbi iṣẹ́ lónìí?" Tiwaladé ní ó lọ. "Ó dá ẹ lójú?" Ọmọ náà ní, "Bàbá, kí ló dé?" Fádèyí ní kò sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Alàmísì tó tẹ̀ lé e, kó tó kúrò nílé, ó na òwú dúdú kan sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti inú, ní ìsàlẹ̀ tí ẹni tó bá ń wọlé ò ti ní rí i. Nínú ìpàdé, kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Jùbrílù tún pẹ́ dé. Nígbà tí Fádèyí padà délé, òwú ti já.

Ọ̀rọ̀ náà wá yé e kedere, lójú tirẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń kó wọn jókòó pọ̀ ní Ṣáṣá nìyẹn. Olúfúnmi á máa fi ọ̀rọ̀ dídùn mú wọn dúró, ẹnìkan á sì máa lọ wo ohun tó wà nílé wọn. Jùbrílù á ti débẹ̀, á ti wo ibi tó fẹ́ wò, á wá sáré wá jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Kò lè fi sínú mọ́. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Jùbrílù ò tíì fi ìdí kan àga tí Fádèyí fi dìde.

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bi ọkùnrin yìí ní nǹkan kan. Jùbrílù, níbo lo ti ń bọ̀?"

"Láti ilé ni, sà."

"Irọ́ lò ń pa. Kí ló dé tí o kì í tètè dé, tí eruku sì máa ń bò ọ́, tó jẹ́ pé ọjọ́ yìí náà ni ẹnìkan máa ń wọ ilé mi?"

Jùbrílù wo ìdí ṣòkòtò ara rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè.

"Bàbá, mo máa ń dé Ṣáṣá kí ẹ tó dé. Ẹ̀yìn ọgbà yìí ni mo máa ń jókòó sí, lábẹ́ igi. Ojú ló ń tì mí láti wọlé. Mo lè dìde pé mo ti ń wọlé bọ̀, kí n tún padà lọ jókòó. Lọ́jọ́ kan mo tilẹ̀ ti padà dé ibùdókọ̀. Ilẹ̀ tí mò ń jókòó sí ló ń ba ṣòkòtò mi jẹ́."

"Òótọ́ ló sọ," Àlàájà Mùjíbátù wí. "Mo ti rí i níbẹ̀. Mi ò pè é, torí ohun tó ń ṣe é ti ṣe èmi náà."

Fádèyí ṣì dúró. Ó ń wo ẹnu Àlàájà, ó ń rò ó bóyá obìnrin náà wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Olúfúnmi ò bínú. Kò sì sọ pé Fádèyí ń ro ohun tí kò sí.

"Bàbá, tí ẹ bá ní ẹnìkan wọ ilé yín, mo gbà. Ẹ mọ ilé yín jù mí lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Kí ni ẹni náà kó?"

Kò sí ohun kankan tó sọnù. Ó ti wo gbogbo rẹ̀ yíká léraléra, kò sí.

"Ẹ jẹ́ á ṣe é báyìí," Jùbrílù wí. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ti wà nínú yàrá yìí kó tó di pé ẹnikẹ́ni dé, mi ò sì ní kúrò títí ẹ ó fi tú ká. Tí wọ́n bá tún wọlé yín, ẹ á mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Ọ̀rọ̀ náà ló wà lọ́kàn Fádèyí nínú ọkọ̀ títí tó fi délé. Olè tó wọlé tí kò jí nǹkan kan bà á lẹ́rù ju èyí tó kó gbogbo ilé lọ. Ẹni tó bá ń kó ẹrù, ẹrù ló fẹ́. Kí ni ẹni tí kò kó nǹkan kan wá fẹ́?

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, ó múra bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó kí obìnrin tó ń ta epo lódìkejì títì, ó rìn lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Dípò kó gun ọ̀kan, ó yà sí ọ̀nà oko ẹ̀gẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹlòmíràn, ó sì padà wọ ilé ara rẹ̀ bí olè. Yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná ló wọ̀, ó jókòó sórí àpò, ó fi páìpù irin kan sórí orúnkún. Láti ibẹ̀, ó ń rí díẹ̀ nínú ilé ìdáná láàárín àga méjì tó dojú bolẹ̀. Eruku ń rìn ín nímú, kò jẹ́ sín.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ń tì í tipátipá. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ náà wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó mọ̀ pé àárín rẹ̀ máa ń há díẹ̀. Ó rí ọwọ́ kan tó na wọlé, ọwọ́ náà ń gbé àwọn agolo kúrò lórí sítóòfù, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò jẹ́ kí èyíkéyìí dún. Ẹni náà wá wúkọ́.

Fádèyí mọ ikọ́ náà. Ó ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe.

Morónikẹ́ ṣí fèrèsé. Ó fa aṣọ kan yọ, ó nu ojú sítóòfù, ó nu etí fèrèsé. Ó da bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dojú bolẹ̀, ó jókòó lé e, ó mú búrẹ́dì jáde láti inú báàgì rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ìta. Kò ṣe nǹkan mìíràn. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń fẹ́ gèlè rẹ̀.

Fádèyí fẹ́ rọra dìde, àga kan ṣubú. Obìnrin náà yíjú, ó rí i. Kò pariwo.

"Bàbá Tiwa," ó wí.

"Kí lo kó?"

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Fádèyí nìyẹn. Bó ṣe sọ ọ́ ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò lè pè é padà mọ́. Morónikẹ́ wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀, ó ya ẹnu báàgì náà sílẹ̀ gbagada, ó sì gbé e sórí sítóòfù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, níbi tí ọkọ rẹ̀ á ti rí i.

Fádèyí wò ó. Kò yẹ kó wò ó, ó sì mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n ó na ọrùn, ó wo inú rẹ̀. Bíbélì ló wà níbẹ̀, awò ojú, ìyókù búrẹ́dì, àti kọ́kọ́rọ́ kejì.

"Ṣé ẹ ti rí i?" Morónikẹ́ bi í.

Ojú rẹ̀ wá sílẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà wo lo ti ń wá?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìpàdé yẹn. Mo máa ń wọkọ̀ láti Ẹgbẹ́dá dé Ìwó Róòdù, kí n tún wọ òmíràn wá síbí. Tiwa ò mọ̀. Ìpàdé àdúrà ló rò pé mò ń lọ."

"Kí lo wá ń ṣe?"

"Mò ń jókòó. Ilé ìdáná mi ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àyè mi ṣì wà níbẹ̀. Tí mo bá ti ṣe tán, màá to gbogbo ẹ̀ padà bí mo ṣe bá a. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa mọ̀."

"O ò lè sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní lọ sí ìpàdé mọ́. Ẹ ó jókòó sílé, ẹ ó máa ṣọ́ mi. Mo sì fẹ́ kí ẹ máa lọ."

Fádèyí wá ọ̀nà tí yóò fi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò rí i. Ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn gan-an.

"Ẹ gbé irin yẹn sílẹ̀," Morónikẹ́ wí.

Ó ti gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ òun. Ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Morónikẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ máa to àwọn agolo padà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Fádèyí ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ó dá yín lójú?"

"Kò dá mi lójú. Fi wọ́n sílẹ̀."

Nígbà tó padà sí Ṣáṣá, Jùbrílù ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà, òun ló kọ́kọ́ dé, kò sì kúrò, bẹ́ẹ̀ Fádèyí ni kò yọjú. Fádèyí lọ bá a níbi tó jókòó sí, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Mo fi ẹ̀sùn ohun tí o kò mọ̀ kàn ọ́ lójú gbogbo ayé. Má bínú." Jùbrílù fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó dá a dúró.

Ó wá sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sọ ju gbólóhùn kan lọ nípa ara rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó dé ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ya ẹnu báàgì, ó dákẹ́.

"Ṣé ẹ wo inú ẹ̀?" Àlàájà Mùjíbátù bi í.

"Mo wò ó."

Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Àlàájà ní òun náà máa ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ ọmọ òun tí wọ́n bá ń lọ, bóyá wọ́n mú nǹkan kúrò nílé, títí ìyá wọn ò fi kó wọn wá mọ́. Olúfúnmi wá bi Fádèyí pé ibo ni yóò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù kúrò, tó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ibẹ̀. Fádèyí ní ilé ìdáná. Ó ní ibẹ̀ nìkan o.

Jùbrílù àti Àlàájà bá a lọ sí Ajíbọ̀dé, Olúfúnmi náà sì wá. Kò rọrùn. Fádèyí dúró láàárín ilé ìdáná, òun ló ń mú nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló ń gbé e lé wọn lọ́wọ́, wọn ò sì gba ohun tí kò nà sí wọn. Agolo kan lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí òógùn á fi bò ó. Bí Jùbrílù bá gbé àpò kan jáde, Fádèyí á tẹ̀ lé e lọ wo ibi tó gbé e sí. Ó ṣí àpò kan tí wọ́n ti dì tán, ó sì mú abọ́ kóńgò kan padà nínú rẹ̀. Jùbrílù rí i, ó tún àpò náà dì. Nígbà tí wọ́n máa fi lọ, kìkì orí sítóòfù àti abẹ́ fèrèsé ló ṣófo. Fádèyí jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n lù, inú ń bí i sí gbogbo wọn, ó sì ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ohun tí wọ́n ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Olúfúnmi ní inú òun dùn pé ó sọ ọ́ síta.

Wọ́n padà wá, wọ́n sì tún wá. Nígbà tí ilẹ̀ ilé ìdáná hàn, síméǹtì rẹ̀ ti là níbì kan. Tiwaladé wá láti Ẹgbẹ́dá, ó wò ó, ó sì jáde síta lọ nu ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé ibi tí ìpàdé àdúrà wà nìyẹn.

Lásìkò tí àgbàdo tuntun jáde ni Morónikẹ́ padà wálé pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun tó fẹ́ kó tó wá: ilé ìdáná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá tí wọ́n ń sùn. Èyí tó kù, kí Fádèyí máa bá a lọ bí ara rẹ̀ bá ṣe gbà á. Pálọ̀ ṣì kún. Yàrá ayálégbé mẹ́ta ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wọn sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò tíì gbà pé Adéwọlé ò fẹ́ ilé náà fún họ́sítẹ́ẹ̀lì, bóyá Fádèyí ò sì jẹ̀bi níbẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá wá kí wọn, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, Fádèyí á sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀, á dúró títí ọkọ̀ náà á fi lọ.

Láìpẹ́ yìí, Morónikẹ́ ní ìkòkò kan ti lu, pé kí ó bá òun gbé e lọ sí ààtàn. Fádèyí yẹ ìkòkò náà wò, ó ní òun lè dí i. Obìnrin náà ní kò sí ohun tó fẹ́ dí nínú ẹ̀, pé ìdí rẹ̀ ti lọ. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Fádèyí gbé e jáde, ó rìn dé ààtàn, ó gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì dúró tì í. Obìnrin tó ń ta epo rí i níbi tó dúró sí, ó bi í pé ṣé kò sí nǹkan.

"Kò sí," Fádèyí wí. "Mò ń lọ sílé."

Ó tún dúró díẹ̀ sí i kó tó lọ.